Agbára Iṣan fún Ìyá Ilé, àti Oúnjẹ Tí Ó ń Gbé E Ró

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀ agbára ara ni a fẹ́ bá yín sọ: agbára tí a fi ń dìde lórí àpótí ìdáná láìfi ọwọ́ ti orúnkún, èyí tí a fi ń gbé omi láti ẹnu kànga dé ilé, tí a fi ń pọn ọmọ, tí a fi ń gun àtẹ̀gùn, tí a sì fi ń gba ara wa dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ní balùwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àdámọ́ ni agbára yìí, pé bí ó bá ti ń dín kù, ọjọ́ ogbó ni ó dé, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. A lè kọ́ agbára iṣan bí a ti ń kọ́ ilé, ní ọjọ́ orí èyíkéyìí, láìsí owó púpọ̀ àti láìsí ẹ̀rọ kankan.

Iṣan tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹran ara tí ó so mọ́ egungun ni, tí ó ń súnkì tí ó sì ń nà kí apá àti ẹsẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Láti nǹkan bí ẹni ọdún 30 sí 40 ni ẹran ara yìí ti í bẹ̀rẹ̀ sí dín kù díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tí kò bá fún un ní iṣẹ́ tí ó yẹ. Bí ènìyàn bá sì ti kọjá ọdún 60, ìdínkù náà a máa yára sí i. Ní ti obìnrin, egungun pẹ̀lú a máa pàdánù okun rẹ̀ kíákíá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí ìyá tí ó ń dá gbé àpò gààrí ní ẹni ọdún 35 fi lè di ẹni tí a ń fà dìde lórí àga ní ẹni ọdún 65. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí ó fẹ́ kí ọjọ́ náà tètè dé, pàápàá bí ọmọ tí yóò fún un ní ọmú kò bá tíì rí iṣẹ́.

Ṣé iṣẹ́ ilé kò tó ni?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ìyá máa ń kọ́kọ́ bi wá ní ibi tí a ti ń wọn ọmọ. "Àǹtí, láti aago 5 ìdájí ni mo ti wà lórí ìdúró. Mo gbálẹ̀, mo fọṣọ, mo lọ sí ọjà, mo ru ẹrù délé, mo tún gúnyán. Irú eré ìdárayá wo ni ẹ tún fẹ́ kí n ṣe?" Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera kankan fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ tí ó ń rẹni àti iṣẹ́ tí ó ń fún iṣan lágbára kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe àárẹ̀ ni ó ń mú iṣan lágbára. Ohun tí ó ń mú un lágbára ni kí ó bá ẹrù tí ó wúwo díẹ̀ ju èyí tí ó ti mọ́ ọn lára pàdé, kí ó sinmi lẹ́yìn náà, kí ó sì rí oúnjẹ tí ó yẹ. Ẹ wo ọmọge tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iyán gígún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó gbé ọmọ odó, apá lè dùn ún fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn oṣù méjì, kò dùn ún mọ́, nítorí pé apá ti lágbára dé ìwọ̀n ọmọ odó náà. Bí ó bá sì fi ọmọ odó kan náà gún iye iṣu kan náà fún 20 ọdún, ibi tí agbára rẹ̀ dé ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò dúró sí, títí ọjọ́ orí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí fà á sẹ́yìn.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ ilé a máa lo ibì kan lára ní àlòjù, a sì máa fi ibòmíràn sílẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ gbálẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe làálàá, bẹ́ẹ̀ ni itan rẹ̀ kò rí nǹkan gidi ṣe. Ẹni tí ó jókòó ti igbá ọjà rẹ̀ fún wákàtí 10 yóò padà sílé pẹ̀lú àárẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó àti oòrùn ni ó rẹ̀ ẹ́. Nípa ti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tí ọ̀kadà ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, kí a má tilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé òun ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ní ọdún 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn kan jáde nípa àwọn arúgbó 10 tí ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, tí ọjọ́ orí wọn wà ní àyíká ọdún 90. Wọ́n fi ẹrù gbígbé kọ́ itan wọn fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn 9 tí ó ṣe é dé òpin rí i pé agbára itan wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ara ẹni ọdún 90 bá ṣì lè gba ẹ̀kọ́, ti ẹni ọdún 45 kò gbọdọ̀ kọ̀.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé obìnrin tí ó bá ń gbé ẹrù fún ìdárayá yóò di ọkùnrin. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mú iṣan ọkùnrin yọ gọnbu kéré gan-an lára obìnrin, nítorí náà, agbára ni ẹ ó rí, ẹ kò ní di géńdé. Ìbẹ̀rù náà kò sì dí Folashade Oluwafemiayo lọ́wọ́. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara ní Paris ní ọdún 2024, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 39, obìnrin yìí dùbúlẹ̀, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì gbé irin kílò 167 sókè, ó sì gba góòlù fún Nàìjíríà. Àpò sìmẹ́ǹtì 3 kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹ dà bí i rẹ̀ o. Kẹ́ẹ̀gì omi ni tiwa.

Bí a ṣe ń ṣe é

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, ó ní kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fún àwọn iṣan ńláńlá ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 ó kéré tán nínú ọ̀sẹ̀, yàtọ̀ sí ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó tó ìṣẹ́jú 150 nínú ọ̀sẹ̀. Ìrìn sí ọjà wà lára 150 yìí bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yára rìn ín. Fún ti iṣan, ẹ mú ọjọ́ 2 tí kò tẹ̀lé ara wọn, bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ ìsinmi àárín wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìdajì wákàtí tó fún ọjọ́ kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdìde lórí àga. Bí ẹ kò bá ní àyè láti ṣe ju ẹyọ kan lọ, èyí ni kí ẹ mú. Ẹ wá àga tí kì í mì, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ jókòó sí iwájú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ ní fífẹ̀ bí èjìká, kí ẹ sì ká ọwọ́ pọ̀ sí àyà. Ẹ dìde dúró ṣánṣán. Ẹ tún jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ẹyin ni ó wà lórí àga náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúnkún wọ inú síra wọn. Ẹ ṣe é ní ìgbà 8 sí 12, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì tún un ṣe. Bí ẹ bá parí ìgbà 12 tí ẹ sì mọ̀ nínú ara yín pé ẹ ṣì lè ṣe 10 sí i, eré ni ẹ ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà 2 tàbí 3 péré ni ó kù nínú agbára yín, ó tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí 12 bá ti rọrùn, ẹ fi ẹrù kún un, omi ni ẹ ó sì fi ṣe ẹrù náà. Lítà omi kan wúwo tó kílò 1. Nítorí náà, ìgò ike oní-lítà kan àbọ̀ tí omi kún jẹ́ kílò kan àbọ̀, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 5 jẹ́ kílò 5, èyí tí ó gba lítà 25 sì jẹ́ kílò 25, láì ka ike rẹ̀ mọ́ ọn. Ní àwọn ìlú ńlá, owó gidi ni àwọn ènìyàn ń san láti rí irin tí a lè fi kún tí a sì lè dín kù. Kẹ́ẹ̀gì ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ife omi kan lónìí, ife omi kan ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹ gbá ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì kékeré náà mọ́ àyà, kí ẹ sì dìde bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọmọ ẹ̀yìn ṣe ẹrù yìí, nítorí àìmọ̀ bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀.

Ìkejì ni gbígbé ẹrù láti ilẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ: ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn tí àwọn ìyá ń pè ní làkúrègbé kò ṣẹ̀yìn bí a ti ń gbé garawa. Ẹ sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn, ẹ ká orúnkún, kí ẹ̀yìn gún, kí àyà yọ síwájú. Ẹ di ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì mú, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ títí ẹ ó fi dúró ṣánṣán. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí sí apá kan, ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ìbàdí ni kí ẹ lọ́. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń gbé èyí tí ó jù ú lọ lójoojúmọ́, kí ara lè kọ́ ọ̀nà tuntun náà kí ẹrù tó wúwo.

Fún àyà àti apá, ẹ dúró ní ìwọ̀n gígùn apá sí ògiri, ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, ẹ ká ìgúnpá títí imú yóò fi súnmọ́ ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà. Nígbà tí ògiri bá ti rọrùn, ẹ lo etí tábìlì tí ó lágbára. Fún ẹ̀yìn àti èjìká, tí ọmọ pípọn àti ọjà títà ń tẹ̀ síwájú, ẹ fi ọwọ́ kan di àga mú, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ̀yìn gún, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì kékeré wá sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Lẹ́yìn náà, ẹ di ògiri mú kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè títí ẹ ó fi wà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Iye ìgbà kan náà ni fún gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe dá èémí dúró nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù. Ẹ máa mí síta bí ẹ ti ń gbé e, ẹ máa mí sínú bí ẹ ti ń sọ̀ ọ́, nítorí pé èémí tí a dá dúró a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì. Bí ẹran itan bá ń dùn yín díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe bẹ̀rù, yóò lọ. Ṣùgbọ́n ìrora tí ó ń gún ni nínú oríkèé, àyà tí ó ń fún pọ̀, òòyì, tàbí èémí tí kò balẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ìwọ̀nyí ní kí ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Oúnjẹ tí iṣan ń fẹ́

Kò sí bí bíríkìlà ti lè mọ̀ ọ́n mọ tó, bí kò bá sí búlọ́ọ̀kù, ògiri kò ní ga. Oúnjẹ amúaradàgbà ni búlọ́ọ̀kù iṣan. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá nílò nǹkan bí gíráàmù 0.8 rẹ̀ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá tí ó wọn kílò 60 nílò ohun tí ó súnmọ́ gíráàmù 50, tí ó bá sì ń fún ọmọ lọ́mú, kí ó fi nǹkan bí 20 kún un.

Níbo ni a ó ti rí i? Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bí 15. Ẹja sísè tí ó tó gíráàmù 100, èyí tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ní nǹkan bí 20. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ní nǹkan bí 7. Bí ẹ bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 48 ni, ògì, ìrẹsì àti ẹ̀gúsí yóò sì fi ìyókù kún un. Wàyí o, ẹ wo gààrí: gíráàmù 100 rẹ̀ kò sábà ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Ìyá lè jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ikùn rẹ̀ yó dáadáa, kí ebi sì máa pa iṣan rẹ̀. Pọ̀nmọ́ kò lè gba ipò ẹran tàbí ẹja, nítorí pé èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kò pé. A kò ní kí ẹ má ṣe jẹ ẹ́. A kàn ń sọ pé kí ẹ má ṣe kà á mọ́ ẹran.

Bí owó ẹja bá wọ́n, ẹ̀wà ni kí ẹ sá di. Ẹ̀wà àti ìrẹsì, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ògì àti àkàrà: ohun tí ó kù díẹ̀ nínú ẹ̀wà wà nínú ọkà, ohun tí ó kù díẹ̀ nínú ọkà sì wà nínú ẹ̀wà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ti so wọ́n pọ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera. Ẹ lè lọ ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, kí ẹ sì bu edé lílọ̀ sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn ni kí ó kọ́kọ́ béèrè iye tí ó tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó nira láti sọ, síbẹ̀ a ó sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, baálé ni a ń bu ẹran ńlá fún, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ọmọ, ìyá yóò wá fi ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ òkèlè tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aláboyún tàbí ìyá ọlọ́mú, ara rẹ̀ ni ọmọ yóò máa yọ èyí tí kò sí nínú abọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ jáde pé kí a kọ́kọ́ yọ ti ìyá sọ́tọ̀, nítorí pé kì í rọrùn fún obìnrin láti bèèrè ẹran fún ara rẹ̀ nínú ilé ọkọ. Ẹ sì fún ọmọ ní ẹyin. Àwọn kan ṣì ń wí pé ẹyin ń kọ́ ọmọ ní olè jíjà, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí kankan.

Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, kò lè rí agbára kọ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ àti ẹja dára fún un, pẹ̀lú ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má ṣe mu tíì pẹ̀lú oúnjẹ náà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ara gba èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Oògùn ìsanra

Ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, wọ́n ń ta oògùn tí wọ́n ní ó ń mú ara kún àti ìdí tóbi. Dexamethasone àti cyproheptadine wà lára èyí tí àwọn ènìyàn ń lò bẹ́ẹ̀. Oògùn gidi ni méjèèjì lọ́wọ́ dókítà, fún àìsàn tí ó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé dexamethasone mì fún oṣù púpọ̀ kí ó lè sanra, ojú rẹ̀ yóò yí róbótó, àwọn ará àdúgbò yóò máa kí i pé ara ti bọ̀ sípò. Ní àkókò náà gan-an, iṣan itan rẹ̀ ń gbẹ, egungun rẹ̀ ń rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ń súnmọ́ ọn. Èkejì ń pa ebi àti oorun pọ̀ mọ́ni lára, ọ̀rá ni ó sì ń fi kún ara, kì í ṣe iṣan. Bí ẹ bá ti ń lo dexamethasone fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má ṣe já a dúró lójijì, nítorí pé ara lè ti gbàgbé láti pèsè tirẹ̀, èyí sì lè mú ẹ̀mí lọ. Ẹ gbé páálí oògùn náà lọ bá dókítà, kí ó kọ́ yín bí ẹ ó ṣe dín in kù.

Aláboyún, ìyá tuntun àti ìyá àgbà

Kí aláboyún fi ọ̀rọ̀ lọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì ṣe gbé ẹrù tuntun tí ó wúwo. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi, ilé ìwòsàn ni. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè máa rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà kí ó tó gbé kẹ́ẹ̀gì, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni a fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀já tí a ń dì mọ́ ikùn lè gbá ikùn mú, kò lè fún iṣan ikùn lágbára. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà lè ṣe gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, bí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí oògùn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìpá ń yọ lẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ lọ tọ́jú rẹ̀.

Ní ti ìyá àgbà tí ó wà nínú ilé, ẹ gbé àga tí ó ga fún un, tàbí kí ẹ fi tìmùtìmù lé àga gíga sí i. Ẹ gbé tábìlì tí kì í mì sí iwájú rẹ̀ kí ó lè fi ọwọ́ dì í mú, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Ìgbà 3 tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìdìde náà, kí ó di tábìlì mú kí ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ fún ìwọ̀n kíkà 10, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ìdúróṣinṣin ẹsẹ̀. Èyí dára ní ọjọ́ 3 nínú ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ, ẹ fi ìgbà kan kún ìdìde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá ti lè dìde ní ìgbà 8 láìfi ọwọ́ kan tábìlì, ẹ yọ tìmùtìmù náà kúrò.